Báàṣì Tó Dìde Ṣáájú Lèmọ́mù

Ẹni tó bá ń kírun lẹ́yìn Lèmọ́mù kò gbọdọ̀ dìde ṣáájú rẹ̀; ọmọ ilé kéwú tí kò tíì mọ ọwọ́ wẹ̀ mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Ògúsìtì ọdún 2008, ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí kékeré tí àwọn Yorùbá ń lò ní Vridi, létí òkun Abidjan, báàṣì, ìbora tapólì ńlá tí Sàdíà fọwọ́ ara rẹ̀ rán láti fi ṣe ìbòji, ló kọ́kọ́ dìde.

Gbogbo èrò wà ní ìforíkanlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń gbèrò, ó tún fẹ́. Sàdíà wà ní ìlà àwọn obìnrin lẹ́yìn pátápátá, ó sì gbọ́ ọ bó ṣe ń gba ẹ̀yìn ọrùn òun kọjá lọ síwájú, bí àlejò tó mọ yàrá tó ń lọ. Báàṣì wú bí àkàrà inú epo. Ó fa àwọn òpó rẹ̀ tu, tòun ti agolo ọ̀dà tí wọ́n rọ kọnkéré sí láti fi mú wọn dúró, ó sì lọ. Nígbà tí Lèmọ́mù fi máa ké Alláhù Àkbárù kí wọ́n gbórí sókè, sánmà ni wọ́n rí. Báàṣì ti gun ògiri ilé ìkẹ́rùsí tó wà níwájú, ó ń gbá apá bí adìẹ tí wọ́n lé jáde nílé ìdáná. Òpó kan sì ti bá Bàbá Taïrou, ládàánì, léjìká.

Àwọn kan kò já ìrun wọn. Àwọn kan já tiwọn, wọ́n lọ gbé bàbá náà. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìrun ta ló gbà jù lọ́jọ́ náà.

Egungun èjìká Bàbá Taïrou ṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ìdí Sàdíà kò ti balẹ̀ mọ́. Kì í kúkú ṣe pé ó máa ń balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mouritala ọkọ rẹ̀, tó ń ta táyà, ẹni tó jẹ́ pé bó bá jókòó bí òkúta ni, a máa sọ pé bí wọ́n bá fẹ́ ya Sàdíà ní fọ́tò, méjì ni kí wọ́n sanwó rẹ̀, ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀, torí wọn kì í sí níbì kan náà.

Treichville ni wọ́n bí Sàdíà sí. Ará Èjìgbò ni bàbá rẹ̀, tó wá sí Abidjan nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ọ̀gá, tó jókòó sí tòsí èbúté, tó ń rán ìbora ọkọ̀ akẹ́rù. Sàdíà ka ìwé díẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì gbé kọ́ ohun méjì tó fi ń jẹun: fà á le, dì í pa. Lórí ọkọ̀ tó kó kòkó tàbí ìrẹsì, òdodo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Báàṣì tó bá dẹ̀ lórí ẹrù, afẹ́fẹ́ ọ̀nà á fà á ya kí ọkọ̀ tó dé Yamoussoukro. Nígbà tí bàbá kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán báàṣì ìnáwó: ìsọmọlórúkọ, yìgì, àdúà òkú. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní "Tantie Bâche," Àǹtí Oníbáàṣì, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù yẹn náà ló ń gbà rán wọn: fà á le, dì í pa.

Ti mọ́ṣáláṣí wá tún ní òfin tirẹ̀. Iwájú, níbi gábàsì, ó gbọ́dọ̀ dí láti òkè délẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kì í gba iwájú olùkírun kọjá, ọ̀nà àwọn tó ń lọ sí kánáàlì, ojú omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé, sì gba ibẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì náà dí. Ẹ̀yìn nìkan ló ṣí sílẹ̀ kí èrò lè ríbi wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohunkóhun, nítorí títí di ọdún náà, inú àgbàlá Treichville tí ilé yí ká ni wọ́n ti ń gbé e nàró. Vridi kò ní ilé tó yí i ká. Òkun ló ní.

Ohun tí kò jẹ́ kí Sàdíà sùn ni yìgì Nimotou. Nimotou ni àkọ́bí rẹ̀, tó ń tajà nílé oògùn kan ní Marcory. Wọ́n ti dá ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn kí ààwẹ̀ wọlé, ní àgbàlá yẹn náà, lábẹ́ báàṣì yẹn náà, àwọn àna sì ń bọ̀ láti Abobo pẹ̀lú àwọn àgbà wọn. Ọjọ́ kejì tí báàṣì fò ni Alàájì Màmúdù, alága mọ́ṣáláṣí, wá sílé.

"Sàdíà, a ó yá báàṣì ní Koumassi fún ọjọ́ yìgì."

"Báàṣì ta ni, Alàájì?"

"Báàṣì ẹni tí báàṣì rẹ̀ kì í fò."

Nimotou tó ń gbé omi bọ̀ fún àlejò dá sí i. "Maman, c'est pas grave, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yá a."

"Gbé omi sílẹ̀ kí o dákẹ́. Kí wọ́n so yìgì ọmọ aránbáàṣì lábẹ́ báàṣì ẹlòmíràn? Ṣé alágbẹ̀dẹ ń yá ọ̀bẹ jẹran ni?" Ó kúnlẹ̀ fún Alàájì. "Ẹ fún mi títí di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bó bá tún fò, ẹ yá èyí tó wù yín, màá wá jókòó sábẹ́ rẹ̀."

"Ìwọ? Jókòó?" Alàájì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ògiri iwájú kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ o. A ò ní máa kírun kí ewúrẹ́ máa kọjá."

Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi okùn kún okùn. Ó rán etí rẹ̀ ní ìlọ́po, ó ra agolo sí i, ó rọ kọnkéré sí wọn, ó fa báàṣì náà le débi pé bí èèyàn bá ta á níka, á dún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti Mouritala lọ gbé e nàró ní àgbàlá láti dán an wò. Ọ̀sán ti pọ́n, ìgbà tí afẹ́fẹ́ òkun máa ń jí dáadáa. Kò pẹ́ tí àwọn okùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mouritala di ọ̀kan mú. Òpó igun yẹn gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú agolo rẹ̀, ẹsẹ̀ Mouritala náà sì gbéra.

"Bàbá Nimotou, ẹ fi sílẹ̀!"

"Mo ti fi í sílẹ̀! Òun ni kò fi mí sílẹ̀!"

Okùn ló lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó tú, bàbá fìdí lélẹ̀ nínú yanrìn, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń lọ látàárọ̀. Ó gbọn fìlà rẹ̀. "Ìyá Nimotou, báàṣì yìí lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó rìn lọ sétí kánáàlì, ó rìn padà, ó tún lọ. Níbi àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n tò sétí omi, ẹyẹ òkun funfun kan dúró lójú òfurufú. Ó dúró ni: kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, kò sì gbá apá. Ó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ó na apá méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ wọ́n díẹ̀ láàárín bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Sàdíà wò ó títí ọrùn fi ń dùn ún. Ẹyẹ náà kò ṣe wàhálà kankan kó má baà já bọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́, òun kàn gbé apá fún un ni. Sàdíà bojú wẹ̀yìn wo báàṣì rẹ̀ tó tẹ̀ láàárín bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Lá iláha illa Lláhù," ló wí. Báàṣì náà ti gbé apá fún afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn rí i kọ́ ni kó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ìbora kan láti gbé fún Ignace ní Port-Bouët. Ọmọ Grand-Bassam ni Ignace, ó ń tún àwọn bàálù kéékèèké ṣe létí pápákọ̀ òfurufú, Sàdíà ló sì ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń bo ojú wọn nítorí iyọ̀ òkun. Ó bá a níbi tó ti ń fi okùn so apá bàálù kan mọ́ òrùka irin tó wà nínú sìmẹ́ńtì.

"Ignace, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, mò ń wò ó. Ṣé yóò sá lọ ni?"

"Yóò sá lọ, Tantie. Bàálù kò mọ̀ pé wọ́n páàkì òun. Bí afẹ́fẹ́ bá ti bá a níwájú dáadáa, á rò pé ìrìn-àjò ti yá ni."

Ọ̀rọ̀ náà gún Sàdíà láyà. Ó jókòó sórí táyà kan, ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó sọ ti Jímọ̀ fún un, ti Bàbá Taïrou, ti ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ bá báàṣì lọ sí Ghana. Ignace rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló ya ẹ̀gbẹ́ kan lára bébà ìwé ìròyìn, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, ó ní kó fi etí bébà náà kan sábẹ́ ètè, kó jẹ́ kí ìyókù rọ̀ sílẹ̀, kó fẹ́ atẹ́gùn gba orí rẹ̀.

"Orí rẹ̀? Bí mo bá fẹ́ ẹ lórí, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni."

"Ẹ fẹ́ ẹ ná."

Ó fẹ́ ẹ. Bébà tó rọ̀ gbéra, ó nà gbalaja síwájú rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, bébà sùn. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún dìde. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin dúró láàárín àwọn bàálù, ó ń fẹ́ bébà bí ọmọ jẹ́léósinmi.

"Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré gba orí ohun tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn," ni Ignace wí, "agbára tó fi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ á dín kù. Èyí tó wà lábẹ́ kò dín agbára tirẹ̀ kù. Ta ló máa borí? Ti abẹ́ á tì í sókè. Apá náà sì ń darí afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ẹni tó bá ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti òun náà sókè. Bí ẹyẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí bàálù ṣe ń ṣe é nìyẹn. Báàṣì yín yẹn ńkọ́, apá ibo ló ṣí?"

"Ẹ̀yìn. Ìhà òkun."

"Iwájú ńkọ́?"

"Ó dí. Ẹ̀gbẹ́ náà dí."

Ignace fọwọ́ lé orí. "Tantie! Afẹ́fẹ́ òkun wọlé láti ẹ̀yìn, kò rọ́nà jáde níwájú, ó ń tì í láti inú. Èyí tó gba orí kọjá ń fà á láti òde. Ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń fà. Ẹ tún wá fà á le kó má baà jò síbì kankan. Àní bí mo bá ní kí n rán ohun tó máa fò, n kò lè rán an tó bẹ́ẹ̀."

"Ọlọ́run ló ní ká kọjú síbẹ̀, kì í ṣe èmi."

"Ọlọ́run náà ló ní kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn bọ̀, kì í ṣe èmi."

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ariwo bàálù ńlá kan tó ń bọ̀ wálẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n yíjú síbi ọgbà wáyà pápákọ̀ náà. Bí táyà rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, Sàdíà rí i tí àwọn pátákó irin kan dìde gangan lẹ́yìn apá rẹ̀, bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa.

"Kí nìyẹn? Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni. Apá yẹn ṣì fẹ́ fò. Ẹ gbọ́, Tantie, kò sí okùn tó lè mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń ba iṣẹ́ apá jẹ́, kí ìwúwo ọkọ̀ lè bọ́ sórí táyà."

Kò sí okùn tó lè mú un mọ́lẹ̀. Nínú gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé e padà, Sàdíà ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè, ẹni tó jókòó tì í sì sún kúrò díẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń de báàṣì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Alàájì Màmúdù gba mọ́ṣáláṣí kọjá, ó bá Sàdíà ní àgbàlá pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì ńlá. Ó ti la òkè báàṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì rán aṣọ mìíràn lé ibi tó là náà bí ìdérí, ó rán ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ kó lè máa ṣí. Ìyẹn kò dun Alàájì. Ògiri iwájú ló dùn ún: Sàdíà ti gé e dé ìbàdí.

"Sàdíà! Kí la wí?"

"Ẹ ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, Alàájì. Ó wà níbẹ̀."

"Ààbọ̀ rẹ̀ dà?"

"Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbà lọ sílé rẹ̀. Bó bá rọ́nà, kò ní í gbé wa dání."

"Èèyàn á máa kọjá, a ó máa wojú ara wa nínú ìrun! Dá a padà."

Sàdíà gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Kò jẹ́ bá àgbàlagbà jiyàn lórí ẹ̀sìn. Láti abẹ́ igi ni ẹlòmíràn ti fèsì. Bàbá Taïrou ni, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn.

"Màmúdù, ohun tí olùkírun máa gbé síwájú, bó bá ga tó ẹ̀yìn gàárì ràkúnmí, ó tó. Èyí ju gàárì lọ. Àbí ògiri ẹ̀wọ̀n lo fẹ́?"

"Taïrou, ìwọ gan-an ló lù! Bó bá tún wó lù ọ́ ńkọ́?"

"Èjìká kan ṣì kù."

Alàájì wo èjìká náà, ó wo báàṣì, ó yọ sílípà rẹ̀, ó wọ mọ́ṣáláṣí lọ. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Jímọ̀ dé, gbogbo ayé wá wo báàṣì, afẹ́fẹ́ kò wá. Ewé kan kò mì. Òkun dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, àwọn èèyàn ń kí Sàdíà, "Barika, barika," Alàájì pàápàá ní kò sí wàhálà mọ́, kí wọ́n má yá ti Koumassi. Sàdíà ń dáhùn, ó sì ń wo ìdérí tí kò tíì ṣí rárá. Ọmọ tí wọn kò bi ní ìbéèrè kankan, ṣé ó ti yege ni?

Ọjọ́ Àìkú, àárọ̀ ni wọ́n fi yìgì sí. Òun ló bẹ̀ wọ́n fún àárọ̀, torí afẹ́fẹ́ òkun kì í jí kíákíá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ní àkókò, àna kò ní. Gbákà tí àwọn ará Abobo háyà kú sórí afárá. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹrù ìyàwó, oòrùn ti wà lókè orí, òpó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíún-kíún, òjò wẹ́wẹ́ inú oṣù Ògúsìtì sì ti ń fọ́n.

Wọ́n fi àga sílẹ̀ fún ìyá ìyàwó láàárín àwọn obìnrin. Kò jókòó sórí rẹ̀. Ó wà ní igun ìhà òkun nínú léèsì rẹ̀, ó di okùn mú.

"Ẹ sọ fún ìyá ìyàwó kó wá jókòó!" Alàájì Màmúdù ké e sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Alàájì!" Nimotou dáhùn lábẹ́ ìbòjú rẹ̀, ó gbàgbé pé ìyàwó kì í pariwo. "Maman, tiens bon! Ẹ dì í mú!"

Àwọn àna wojú ara wọn. Mouritala sọ sí wọn létí pé àṣà ìdílé ni.

Afẹ́fẹ́ dé. Ó gba ẹ̀yìn wọlé bó ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn, báàṣì sì wú. Okùn le lọ́wọ́ Sàdíà. Ìdérí orí báàṣì wá ṣí, pá, bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sín, gele àwọn obìnrin ìlà iwájú fò síwájú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sá gba orí ògiri kúkúrú jáde. Báàṣì rọ̀ sílẹ̀. Okùn dẹ̀. Ó tún wú, ó tún mí síta. Wọ́n bi ọkọ, ó ní òun gbà. Wọ́n bi ìyàwó, òun náà ní òun gbà, kò sẹ́ni tó tún ń ṣiyèméjì pé ó ní ohùn. Wọ́n so yìgì, àdúà lọ sókè, Sàdíà ń ṣe àmín, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ohun tó ń ṣe àmín sí, kò ní mọ̀ ọ́n. Okùn ló ń gbọ́.

Bàbá Taïrou wá dìde, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di etí, ó pe ìrun àyílà.

Gbogbo wọn tò. Nimotou bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀. Sàdíà wo okùn. Èèyàn kì í di okùn mú kírun. Bó bá dúró tì í, ó ti fi báàṣì sí ipò Ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tú u lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó lọ dúró ní ìlà ìkẹyìn, ẹ̀yìn rẹ̀ sí òkun.

Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, ó tún gbọ́ afẹ́fẹ́, tútù, lẹ́yìn ọrùn, tó ń lọ síwájú. Iwájú orí rẹ̀ wà lórí ẹní, etí rẹ̀ wà lókè. Okùn dún. Òpó kan mì. Ìdérí ṣí, pá. Ó sọ ohun tó yẹ kó sọ nínú ìforíkanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ ju iye tó yẹ lọ.

"Alláhù Àkbárù," ni Lèmọ́mù wí, ó dìde. Àwọn ọkùnrin dìde, àwọn obìnrin dìde. Sàdíà gbé orí sókè kẹ́yìn gbogbo wọn. Báàṣì wà níbẹ̀. Láti ibi tó là lókè, òjò ń kán, tó, tó, sórí fìlà Alàájì Màmúdù ní ìlà kìíní, Alàájì kò sì lè sún, torí pé inú ìrun ló wà.